Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ìwé Tòkunbọ̀ fún Làìbìrì Ọmọdé

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kó ìwé tí àwọn ọmọ wọn kò kà mọ́ ránṣẹ́, kí a fi dá làìbìrì sílẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ iye àti irú èyí tí a fẹ́, ojú sì ń tì mí láti máa ṣa ọrẹ ṣà.* — Tíṣà, Òkè-Fìà

Ẹ ṣà á o, Tíṣà. Ẹni tí kò bá ṣà á, pàǹtí ni wọ́n máa kó fún un, òun náà ló sì máa san owó mọ́tò pàǹtí ọ̀hún láti Èkó.

Ká kọ́kọ́ mú ti iye. African Library Project, ẹgbẹ́ ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, máa ń ní kí àwọn tó bá fẹ́ dá làìbìrì kan sílẹ̀ ní Áfíríkà kó nǹkan bí 1,000 ìwé jọ, kí wọ́n sì dá owó ìkẹ́rù sí i. Bí yàrá yín bá kéré, 400 tó dáa sàn ju 1,000 tí wọ́n kàn rọ́ jọ lọ. Ìwé àwòrán pẹlẹbẹ máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 200. Ẹlẹ́yìn líle lè ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí kìlò 15 á gba bíi 70 pẹlẹbẹ, 1,000 á wá tó páálí 15. Ìyẹn kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ háyà kọ̀ntéènà. Àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù papọ̀ wá sí Èkó ni kí wọ́n lọ bá dúnàádúrà.

Nàìjíríà wà nínú Àdéhùn Florence tí UNESCO gbé kalẹ̀ ní 1950, èyí tó ní kí ìjọba má gba owó ibodè lórí ìwé. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́: owó àjẹ́ńtì, owó èbúté àti owó mọ́tò dé Òṣogbo ṣì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san án kí páálí kankan tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ìjà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti irú ìwé, kí ìdajì jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà: àwòrán ńlá, ìlà méjì sí mẹ́ta lójú ewé. Ìtàn fún páráìmárì 4 sí 6 ló tẹ̀ lé e, kí ìyókù jẹ́ ìwé ìmọ̀ nípa ẹranko, ara èèyàn àti ojú ọ̀run. Ẹ má gba ìwé iṣẹ́ àmúrelé tí ọmọ ẹlòmíràn ti kọ ìdáhùn kún, ẹ má sì gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ìdánwò ìlú òyìnbó. Ìwé ìmọ̀ tó ti gbó náà ń ṣini lọ́nà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i síbi pílánẹ́ẹ̀tì: bó bá ka Pluto mọ́ ọn tó fi pé mẹ́sàn-án, ó ti pẹ́ ju 2006 lọ, ọdún tí wọ́n yọ Pluto kúrò lára wọn. Bí máàpù bá ṣì fi Sudan hàn lódindi, ó ti ṣáájú 2011, ọdún tí South Sudan yà kúrò. Ti yìnyín àti Kérésìmesì òyìnbó kò burú bí kò bá pọ̀ jù; ọmọ tó gbádùn ìtàn Ìjàpá á gbádùn ti ìkookò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má retí ìwé Yorùbá nínú páálí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ra ti Yorùbá níbí, ní tuntun, ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta, torí òun ni ọmọ kíláàsì kìíní máa kọ́kọ́ kà tó máa yé e.

*Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ìwé ti kún gáréèjì wa. Báwo la ṣe máa dì í tí kò fi ní bàjẹ́ lójú omi?* — Ìyá Ìbejì, Peckham

Gáréèjì gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì: ilẹ̀ rẹ̀ ń mú ọ̀rinrin wá. Ẹ kó wọn wọlé. Ẹ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí àkísà tútù ti ń bu. Ẹ yọ ọ́, torí yóò ran àwọn tó kù nínú páálí. Ewé tó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: bó bá pẹ́, á pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì lẹ ewé méjì pọ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gọ́ọ̀mù funfun ni kí ẹ lò.

Páálí kékeré onípele méjì ni kí ẹ wá. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù sí i nínú. Ẹ to ìwé ní ìdùbúlẹ̀, tàbí kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí ẹ bá da ẹnu rẹ̀ délẹ̀, ìwúwo ewé á fà á ya kúrò lára èèpo. Ẹ fi bébà tí ẹ rún dí àlàfo. Nínú kọ̀ntéènà, ooru ọ̀sán àti òtútù òru ń mú kí omi hù sára òrùlé irin, kó sì máa kán sórí ẹrù. Náílọ́ọ̀nù ló máa gbà yín. Ẹ kọ "Páálí 3 nínú 15" síta, kí ẹ sì lẹ àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki bàtà tàbí fóònù tí ẹ fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n yín bọ àárín ìwé. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá rí i nínú ẹyọ kan, wọ́n lè tú gbogbo yòókù.

*Ikán jẹ pẹpẹ ìwé wa tán. Ṣé káńfọ̀ á ràn wá lọ́wọ́?* — Alábòójútó, Òkè-Baálẹ̀

Rárá. Káńfọ̀ kò dí ọ̀nà ikán, òórùn rẹ̀ sì léwu fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ (èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) kò tó, irú wọn sì pọ̀ nílẹ̀ wa: ó lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń wá, ó ń mọ ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gun ògiri. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe pẹpẹ onírin, kí ìpele ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga sílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi 5 jìnnà sí ògiri, kí ẹ lè máa yọjú wo ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ pákó lẹ fẹ́ tẹ́ lé irin náà, èyí tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ láìní òpó láàrin á tẹ̀. Lásìkò òjò, ìgbà tí oòrùn bá ràn ni kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan mú àkàrà wọ yàrá náà; oúnjẹ ló ń pe aáyán àti èkúté, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé. Èyí tí ikán ti dé ara rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n níta, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dá a padà sórí pẹpẹ.