Ìlà méjì tí ó ń dá ṣẹ́ẹ̀tì Indiana Jones mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ múra bí àwọn akọni inú sinimá níbi ayẹyẹ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, Indiana Jones ni òun sì yàn. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti inú fíìmù, ó sì ní àpò méjì láyà, síbẹ̀ bí ó ti wọ̀ ọ́, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó rí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ bá a rán òmíràn. Kí ni kò pé lára èyí tí ó rà? Ṣé kí n sì fi ẹrẹ̀ pa á kí ó lè dà bíi pé ó ti gbó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ohun tí kò sí lára èyí tí ó rà ni ìlà aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó gba iwájú ṣẹ́ẹ̀tì náà sọ̀kalẹ̀ láti èjìká, tí ó sì gba àárín àpò àyà kọ̀ọ̀kan kọjá. Irú rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Àpò onídèérí àti aṣọ pẹlẹbẹ tí a ń fi bọ́tìnnì dè lórí èjìká kò ṣọ̀wọ́n, nítorí wọ́n wà lára aṣọ ṣọ́jà, ti ọlọ́pàá àti ti àwọn òyìnbó tí ń lọ ṣọdẹ. Ìlà yẹn ni ẹni tí ó mọ fíìmù náà yóò kọ́kọ́ wò.

Deborah Nadoolman ni ó ṣètò aṣọ fún Raiders of the Lost Ark, èyí tí Steven Spielberg darí, tí ó jáde ní ọdún 1981, tí Harrison Ford sì ti ṣe Indiana Jones. Anthony Powell ni ó gba iṣẹ́ náà fún àwọn fíìmù Indiana Jones ti ọdún 1984 àti 1989. Nítorí náà, inú fíìmù kan ṣoṣo ni kí ẹ ti mú gbogbo àwòrán tí ẹ ó máa wò, kí ẹ sì yan ibi tí ojú ọjọ́ ti mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé eruku àti iná lè mú kí ṣẹ́ẹ̀tì kan náà dà bí aláwọ̀ méjì.

Òwú gidi tí kò nípọn ni kí ẹ rà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ó lè súnkì tán kí ó tó di ṣẹ́ẹ̀tì.

Ibi ìlà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ gé e lára aṣọ kan náà, kí ó fẹ̀ díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó hàn lọ, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì wọnú, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó dúró gbọnrangandan, kí ẹ sì rán an mọ́ iwájú aṣọ kí àpò tó débẹ̀ rárá. Àpò yóò ní ìlà tirẹ̀, ìdérí àpò náà yóò ní tirẹ̀, bọ́tìnnì ìdérí yóò sì bọ́ sí àárín ìlà. Bí ẹ bá wá fẹ́ lẹ àpò mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín rẹ̀, ẹ fi pín-ìnnì dè é, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ wá gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ kí ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀ láti wò ó: ìlà gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ìdérí kí ó sì jáde nísàlẹ̀ àpò bíi pé kò já rí. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, yóò hàn, kò sì sí ìdọ̀tí tí yóò bo èyí mọ́lẹ̀.

Bí aṣọ tí ẹ rí bá funfun jù, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi tíì tí ó ti tutù, nítorí òwú máa ń gba àwọ̀ tíì dáadáa. Ṣùgbọ́n òwú ìránṣọ tí a fi pólísítà ṣe kì í gbà á, yóò sì yọ funfun gbòò lójú rírán. Nítorí náà, kí ẹ tó rán aṣọ ni kí ẹ ti rẹ ẹ́, kí ẹ sì ra òwú tí ó bá àwọ̀ tuntun rẹ̀ mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹrẹ̀ kàn án. Òótọ́ ni pé Nadoolman fi ọ̀bẹ ìṣẹ́pò Harrison Ford fúnra rẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha jákẹ́ẹ̀tì Indiana Jones kí ó lè dà bí ogbó, ṣùgbọ́n awọ ni jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ó sì gbà á. Òwú fẹ́lẹ́ yóò ya ni. Ẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́pọ̀ ìgbà láìfi ṣítáàṣì sí i, kí ẹ sì fi sáǹpépà kíkúná ra ọrùn, ẹnu ọwọ́ àti etí ìdérí àpò, níbi tí aṣọ ti máa ń gbó fúnra rẹ̀. Kí ọmọ yín máa wọ̀ ọ́ nínú ilé kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé.

Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn dáadáa, Màmá, nítorí inú ṣòkòtò ni Indiana Jones ń ki í sí, ọmọ yín yóò sì máa na ọwọ́ sókè láti ju pàṣán rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́.