Èsì: Kí ló ṣì ń pa wọ́n lẹ́yìn tí ether dé?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bí ether, oògùn tí wọ́n ń fà símú kí wọ́n má bàa mọ ìrora iṣẹ́ abẹ, ṣe ti gba aláìsàn lọ́wọ́ ìrora ní Boston lọ́dún 1846, kí ló tún ń pa wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Egbò tó ń kẹ̀ ni. Ether kò pa kòkòrò àìfojúrí. Ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ lára ni dókítà ń wọ̀ nígbà náà láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé òmíràn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fọwọ́ kí wọ́n tó mú abẹ.

Ní Glasgow lọ́dún 1865, kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ọmọ ọdún 11 kan lẹ́sẹ̀. Egungun dá, awọ ya. Gígé ni wọ́n sábà máa ń gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Joseph Lister, fi aṣọ tó rẹ sínú carbolic acid, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, di ojú egbò náà. Kò kẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, egungun ti so pọ̀, ọmọ sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé! Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí inú mi má dùn.

Àwọn tó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mò ń sọ o. Ní ti àwọn tó kú lórí tábìlì gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó dà ló pa ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn sì dúró di ẹ̀yìn ìgbà tí onímọ̀ ìṣègùn Karl Landsteiner ṣàlàyé oríṣi ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 1901, èyí tó la ọ̀nà fún fífa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó bá a mu sí aláìsàn lára.