Àjẹsára Kò Dé Gáà: A Dáhùn Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ ìlú ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ọmọ Fúlàní inú gáà àti ọmọ àwọn àgbẹ̀ Ebira tó wà lóko kì í rí i gbà. Àwọn kan ní àwọn òbí wọn ni kò fẹ́. Kí ni ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù lè ṣe? (Òǹkàwé, Ìyàrá)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pe àwọn òbí. Àárọ̀ ni àwọn ìyá inú gáà ń kiri wàrà. Bí nọ́ọ̀sì bá palẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó tọjà dé, a ò lè pe ìyẹn ní àìfẹ́. Ẹ bá olórí gáà fọwọ́ sí ọjọ́ àti wákàtí, kí obìnrin kan tó gbọ́ èdè Fúlàní sì bá yín lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí ìgò abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìgò èéyi sábà máa ń tó ọmọ 10, ti BCG (abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ) ọmọ 20; bí wọ́n bá ti fi omi pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó rí ọmọ méjì péré a ní kí ìyá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í sì í padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n ṣí ìgò èéyi kódà fún ọmọ kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ẹ bá ti kọ orúkọ ọmọ, oṣù tí a bí i àti gáà rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, yóò mọ iye tí yóò gbà wá.

Kúlà abẹ́rẹ́ náà gba ìṣọ́ra. Wọn kò gbọdọ̀ ti inú fírísà kó ike yìnyín rẹ̀ sínú kúlà tààrà: kó kọ́kọ́ wà níta títí omi yóò fi máa ró nínú rẹ̀ bí a bá mì ín. Pentavalent (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún) tó bá dì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ooru ní tirẹ̀ ló ń ba ti rọpárọsẹ̀ jẹ́. Bí onígun mẹ́rin inú àmì ara ìgò bá ti dúdú tó òbìrí tó yí i ká, kí wọ́n má lò ó.

Ní tiwa, owó ọ̀kadà ló ń dá iṣẹ́ yìí dúró jù. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbé e.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé irú èyí ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà nígbà Kòrónà? (Òǹkàwé, Kàbbà)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní Philadelphia, Dókítà Ala Stanford, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé, dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú, Black Doctors COVID-19 Consortium, sílẹ̀ ní 2020. Wọ́n ń lọ ṣe àyẹ̀wò fún àwọn èèyàn ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n fún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ fún wákàtí 24 láìdáwọ́ dúró, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní láti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó ní fóònù àti àyè ló máa ń gba ipò ibẹ̀ tán. Bákan náà ni kí ọjọ́ gáà jẹ́ ti gáà. Bí ará ìlú bá kún ibẹ̀, ìgò á tán.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ oṣù méje gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn òbí rẹ̀ wá da màlúù lọ, káàdì sì sọnù. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun? (Òǹkàwé, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Rárá, kó máa bá a lọ láti ibi tó dé, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán wà láàárín Pentavalent kan àti èkejì. Ti èéyi àti ibà pọ́njú ń bọ̀ ní oṣù 9, èéyi kejì ní oṣù 15. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé ìwòsàn tó ti gbà á, kí wọ́n sì ya fọ́tò káàdì tuntun tí wọ́n bá fún un sínú fóònù bàbá àti ìyá.