Èmi àti alámùúlégbé mi ò kí ara wa mọ́ nítorí Abíọ́lá

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékùm, àfáà wa. Ojúlé kan ni èmi àti bàbá kan jọ ń gbé ní Mushin, ẹ̀rọ omi kan náà la ti ń pọnmi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà tó kọjá, a jókòó síta, rédíò ń sọ ọ̀rọ̀ MKO Abíọ́lá. Mo ní ará àlùjánnà ni ọkùnrin náà, nítorí sàráà tó ṣe àti mọ́ṣáláṣí tó kọ́. Bàbá yìí ní àlùjánnà wo? Pé ọ̀rẹ́ àwọn sọ́jà ni kí wọ́n tó dà á, pé iṣẹ́ tẹlifóònù ló sọ ọ́ di olówó nígbà tí mẹ̀kúnnù ò rí tẹlifóònù lò. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Láti ọjọ́ náà, kò dá mi lóhùn bí mo bá sálámà, èmi náà sì ti dákẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ó ń bú òkú ni?

Ìdáhùn: Wáléékùm sàlám. Ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, má bínú.

Nígbà tí Uthman ọmọ Maz'un kú ní Mẹ̀dínà, obìnrin tí ó ṣàìsàn sí nílé rẹ̀ ní, "Mo jẹ́rìí pé Ọlọ́hun ti pọ́n ọ lé." Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó wà nínú Bukhari. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn ni Uthman yìí o! Bí o bá ní "kí Ọlọ́hun kẹ́ Abíọ́lá," àdúrà lo ṣe, Musulumi ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá ní "ará àlùjánnà ni," ìdájọ́ lo dá, wọn ò sì fi ọ́ ṣe adájọ́.

Ó wá kan bàbá. Ìyá wa Aisha gba hádíìsì wá pé kí a má bú àwọn òkú, nítorí wọ́n ti bá ohun tí wọ́n tì síwájú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ nípa òkú ló jẹ́ èébú. Abíọ́lá àti àwọn ọ̀gá ológun ṣọ̀rẹ́ kí àwọn ológun kan náà tó fagi lé ìbò 1993. Gbangba ni, ìtàn ìlú ni, ẹni tó bá sọ ọ́ kí ọmọ lè gbọ́n kò ṣẹ̀. Ti owó tẹlifóònù ńkọ́? Ṣé bàbá rí ìwé iṣẹ́ náà ni, àbí orin ló gbọ́? Èyí tí kò bá dá a lójú, kó gbé e jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà ti wà ní sàárè láti oṣù keje 1998, kò lè rojọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan wà nígbà ayé Ànábì, Abdullah lorúkọ rẹ̀, tó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ọtí ni ìṣòro rẹ̀. Wọ́n nà án, ó tún mu ún, wọ́n tún gbé e wá. Ẹnì kan ṣépè fún un. Ànábì ní kó má ṣépè fún un, pé ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i: wọn ò tìtorí ìfẹ́ yẹn gbé pàṣán jùlẹ̀, wọn ò sì tìtorí ọtí sọ pé kò ní ìfẹ́. Ohun tí ìwọ àti bàbá pín mọ́wọ́ nìyẹn, ìwọ mú ìdajì, ó mú ìdajì.

Àmọ́ èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ kì í ṣe ti Abíọ́lá rárá. Òru mẹ́ta ni Ànábì fi gbèdéke sí i fún Musulumi méjì tó bá ń yan ara wọn lódì. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló lóore jù. Ìwọ wo ọjọ́ tó ti kọjá láti oṣù kẹfà.

Tí o bá kírun ìṣáì tán lálẹ́ òní, kan ilẹ̀kùn bàbá. Sálámà. Lówùúrọ̀, tó o bá bá a nídìí ẹ̀rọ, gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, àgbà ni. Bí kò bá dáhùn, o ti bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Tún kí i lọ́túnla.