Ìsopọ̀ tó ti kú tí ẹnikẹ́ni kò túfọ̀ rẹ̀

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Iléṣà, o ní nígbàkígbà tí o bá kúrò lórí ráútà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, ojú SSH rẹ (ètò tí o fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn) á dì, kò ní gba ohun tí o tẹ̀, kò sì ní sọ pé ìsopọ̀ ti já. Àdírẹ́sì àti port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) tìhín, àdírẹ́sì àti port tọ̀hún, ni TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ tí SSH ń lò, fi ń dá ìsopọ̀ mọ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yí padà, ìsopọ̀ náà ti kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa túfọ̀ rẹ̀ fún server, kọ̀ǹpútà tọ̀hún.

Ojú mi rí i ní Lágere, nílùú Ifẹ̀ níbí. Mo ń ṣàtúnṣe owó ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nínú PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tó wà lórí server òkèèrè. Mo ti yí iye owó padà, n kò tíì tẹ COMMIT, àṣẹ tó ń fi àtúnṣe múlẹ̀, ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí ráútà fi padà tàn lórí jẹnẹrétọ̀, àdírẹ́sì mìíràn ni wọ́n ti fún un. Mo wọlé lákọ̀tun, mo pa àṣẹ kan náà, kò dáhùn, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì jókòó tì mí, ó ń wo aago. Mo pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi: wọ́n ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn, mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀gá wọn kan ní kí n ra ráútà tuntun! Ráútà kò ṣẹ̀ rárá. Èmi àkọ́kọ́, èmi tí iná ti pa, ni server ṣì gbà pé ó di àkọsílẹ̀ náà mú, ìdí nìyẹn tí àṣẹ kejì fi ń dúró. Server kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà kò fura. Keepalive Linux, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹni tọ̀hún ṣì wà, bí a kò bá fọwọ́ kàn án, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7200 kó tó yẹ̀ ọ́ wò, á sì yẹ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 75 láàárín, kó tó gbà pé o ti lọ. Ó lé ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11, mo sì dúró dè é tán.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá wo pg_stat_activity, àkọsílẹ̀ àwọn tó wà lórí PostgreSQL, kí n wá èyí tó jẹ́ «idle in transaction» (tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, tí kò parí rẹ̀, tí kò sì ṣe nǹkan kan), kí n sì fi àṣẹ pg_terminate_backend lé e dànù. Ṣọ́ra o, má ṣe lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta àdírẹ́sì tí kì í yí padà fún ọ gẹ́gẹ́ bí oògùn, torí bí o bá ti bọ́ sórí fóònù, kò wúlò mọ́.

Ní ti SSH tí o béèrè gan-an, tẹ Enter, kí o tẹ ~ àti àmì ìdánudúró tẹ̀ lé e, ojú tó dì á já. Fi ServerAliveInterval 15 sínú ~/.ssh/config, fáìlì ètò SSH lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí SSH máa yẹ server wò ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra; bí server kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á já fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa ṣe nínú tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí server bí ìsopọ̀ bá tilẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má dì. Mosh, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ SSH, ló ń bá ọ rìn láti àdírẹ́sì kan sí èkejì, UDP, ìlànà ìfiránṣẹ́ tí kì í di ìsopọ̀ mú bíi TCP, ló ń lò, nítorí náà fi í sí ìhà méjèèjì, kí o sì ṣí port 60000 sí 61000 lórí server.