Èsì: Kí ló dé tí páálí ápù fi ń wọ́n bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí ápù fi ń wọ́n nígbà tí Ṣáínà ń gbin bí ìdajì ápù ayé. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Gúúsù Áfíríkà ni púpọ̀ nínú tiwa ní Nàìjíríà ti ń wá, láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ká a, èyí tẹ́ ẹ bá wá rí lápá ìparí ọdún, inú kóòdù rúùmù ló ti wà látìgbà yẹn, owó iná ẹ̀ sì ti wọnú iye ẹ̀.

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni kẹ́ ẹ rà á dáadáa, ìyẹn tí dọ́là ò bá fò sókè o, torí dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò nídìí, tó bá ti rọ̀, ẹ má gbà á.