Rédíò bàbá bàbá yín yẹn, ẹ má tíì tún un tàn o

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ bá rédíò fáàfù (ti àtijọ́, tó ń fi gíláàsì bíi gílóòbù ṣiṣẹ́) bàbá bàbá yín nínú yàrá ẹrù n'Íbàdàn, ẹ tàn án, iná inú ẹ̀ wá, àmọ́ ó kàn ń kùn hùùù bí ẹ̀rọ ìlọta, kò sọ̀rọ̀, nígbà tó yá òórùn nǹkan tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ wá gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ní òun á tú gbogbo inú ẹ̀ dànù òun á fi páńẹ́ẹ̀lì Bluetooth sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pa mọ́ nínú rédíò), kì í ṣe àìsàn ikú rárá.

Mo ti ba mẹ́ta jẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ yìí. Àkọ́kọ́, ti Jámánì ni, igi ẹ̀ ń dán gbinrin, ìwàǹwára ò jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀ tí mo fi kì í bọ iná. Ibì kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yan fóltéèjì, 110, 127, 220, 240, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi sí 127. Iná tiwa ńkọ́, 240. Ká tó wí ká tó fọ̀ èéfín ti gba pálọ̀, tráńsífọ́mà ti lọ, mo wá irú ẹ̀ dé Àlàbà mi ò rí. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí kí n tó bọ́ ẹ̀wù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka lẹ́tà tó wà lára àwọn fáàfù. Tó bá jẹ́ E ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bí ECH81, EF89, EABC80, EL84, EZ80, ó sábà máa ń ní tráńsífọ́mà iná, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ U, UCH81, UL84, UY85 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra o. Púpọ̀ nínú irú ìyẹn ò ní in, ṣe ni wọ́n to àwọn fáàfù tẹ̀léra bí iná Kérésì, wáyà NẸ́PÀ kan sì so tààrà mọ́ irin abẹ́ ẹ̀. Plọ́ọ̀gì tó bá wọlé sódì, irin yẹn ti di iná nìyẹn. Ìkejì tí mo sọ, irú ẹ̀ ni, nọ́ọ̀bù kan ti já lára ẹ̀, mo fìka kan irin tó ṣẹ́ kù, ó gbá mi lu ògiri, ọwọ́ mi fà á bọ́ sílẹ̀, ó fọ́.

Ká ní tiyín jẹ́ ti E. Ẹ wá gílóòbù yẹ́lò àtijọ́, 60 watt (ti LED ò lè ṣe é), ẹ so ó mọ́ ojú wáyà kan tó ń lọ sínú rédíò, kí iná máa gba inú gílóòbù kọjá. Tó bá tàn yòò tó sì dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan ti já síra wọn nínú, ẹ yọ ọ́ kíá. Tó bá tàn tó sì rẹlẹ̀, a lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Híhùn yẹn, kapásítọ̀ ńlá tó ń fọ iná mọ́ ló ti gbẹ. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ dúró, kẹ́ ẹ fi resistor (ohun tó ń dín agbára iná kù) 10k tó tóbi kan ẹsẹ̀ ẹ̀ sí irin abẹ́, torí ó ń tọ́jú iná pa mọ́ sínú, kò mọ̀ pé ẹ ti pa á. Ẹ wá fi kapásítọ̀ tuntun, 47 microfarad (bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó nìyẹn), 450 fóltì sí i. Ìkẹta tí mo bà jẹ́ nìyí: mo rò pé èyí tó tóbi ló máa dáa jù, mo fi 220 microfarad tí mo yọ lára tíbì sí i, EZ80, fáàfù tó ń sọ iná NẸ́PÀ di DC, bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà nínú gíláàsì ẹ̀ títí tó fi kú. Kò lè gbé ju 50 microfarad lọ.

Òórùn jíjó ní tiẹ̀, kapásítọ̀ kékeré tó ń gbé ohùn lọ fún EL84, fáàfù tó ń ti spíkà, ni mo fura sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kóhùn kọjá kó sì dá iná ńlá dúró, àmọ́ tó bá ti dàgbà ó máa ń jò, EL84 á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, irin inú ẹ̀ á pọ́n bí ẹyinná, á wá jó tráńsífọ́mà spíkà mọ́ ọn. Ẹ gbé mítà sí DC, ẹsẹ̀ kejì EL84 sí irin abẹ́, kò yẹ kó ju òdo lọ. Ọ̀kan tí mo tún ṣe kà 11 fóltì. Ẹ má wojú ẹ̀, ẹ yọ kapásítọ̀ yẹn, ẹ fi tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti àtijọ́ mu sí i.

Fáàfù ńkọ́? Ẹ má rà á o. Mo ti ní kí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti London bá mi ra mẹ́rin rí, owó gidi, ìkankan ò sì bàjẹ́ nínú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn wo bóyá ọmọńlé tàbí aáyán ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ ẹ sì gbọn erùpẹ̀ ikán kúrò lábẹ́ igi. Okùn tó ń fa abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀ nìkan ló máa ń gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, èèyàn á fẹ́ sunkún.

Ẹnì kan ti gbé àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ìyá ẹ̀ wá bá mi rí pé kí n jẹ́ kó mú ibùdó kan, mo rẹ́rìn-ín. Irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ilé l'Ékòó lọ́dún 1935, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá, kò sí rédíò nínú ẹ̀, spíkà àti nọ́ọ̀bù kan ṣáá ni.

Tiyín bá sì ti sọ̀rọ̀, tó bá ní FM, ẹ má retí Splash 105.5 o, ojú FM ọ̀pọ̀ rédíò ayé ọjọ́un ò kọjá 100. Premier 93.5 á wọlé. Ẹ yáa ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ àti lẹ́tà fáàfù ránṣẹ́ ná, kí n rí ibi tí wọ́n fi fóltéèjì sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan.